Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Kò Lọ́kọ, Ó Bímọ Kún Ayé

Ìtàn tí mo gbé wá kì í ṣe ti ìjàpá, kì í ṣe ti iwin, kì í ṣe ti ọba tó fẹ́ ọmọ ẹja. Òótọ́ pọ́nńbélé ni, ohun tó sì ṣẹlẹ̀ gan-an a máa dẹ́rù bani ju èyí tí a fẹnu hun lọ.

Ìlú kan ń bẹ ní Kamẹrúùn tí à ń pè ní Douala, lẹ́bàá odò Wouri, níbi tí odò ti ń lọ bá òkun. Ní ọjà Sandaga nínú ìlú náà, àgbagbà ń sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ akẹ́rù, òkìtì lórí òkìtì. Àwọn kan ń sun ún, àwọn kan ń sè é, àwọn kan ń dín in, wọ́n ń pè é ní missolé, èyí tí àwa ń pè ní dòdò. Ẹ mú ẹyọ kan nínú òkìtì yẹn, ẹ là á sí méjì, ẹ wá hóró tó ṣeé gbìn nínú rẹ̀. Ẹ wá a títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ẹ ò ní rí i. Ó ń so, kò ní irúgbìn. Ó ń bímọ, kò mọ ọkọ.

Báwo ló ṣe rí bẹ́ẹ̀? Láyé àtijọ́, ní gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà lọ́hùn-ún, ọ̀gẹ̀dẹ̀ igbó méjì wà. Àwọn onímọ̀ pe ọ̀kan ní Musa acuminata, wọ́n pe èkejì ní Musa balbisiana. Hóró líle kún inú wọn fọ́fọ́, ẹni tó bá gé wọn jẹ yóò sunkún eyín. Akọ ń pàdé abo nínú òdòdó wọn, àdán sì ni alárinà. Ìran méjèèjì fẹ́ra, ọmọ àràmàǹdà kan sì jáde láàárín wọn. Ohun tí bàbá àti ìyá bá jọ bí a máa gba ọ̀wọ́ àjogúnbá kan lọ́wọ́ bàbá, a sì gba ọ̀kan lọ́wọ́ ìyá. Àgbagbà gba mẹ́ta. Nígbà tó wá kan òun náà láti pín ogún fún ọmọ, mẹ́ta kò ṣeé dá sí méjì ọgbọọgba, ilé ọmọ bá dí pa.

Àmọ́ ohun tí òdòdó kọ̀, ìdí fọwọ́ sí i. Ọmọ ń yọ nídìí ìyá, ọmọ ń yọ nídìí ọmọ, láìsí akọ, láìsí àdán, láìsí ìdána. Àwọn baba wa ti rí i tipẹ́, wọ́n ní iná kú, ó feérú bojú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ọmọ ọ̀hún kì í sì í jọ ìyá lásán: ìyá gan-an ni. Ọwọ́ ènìyàn ló gbé e láti ilẹ̀ dé ilẹ̀. Ní Nkang, ní gúúsù Kamẹrúùn, àwọn awalẹ̀pìtàn rí àmì ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ nínú kòtò ìdalẹ̀nù tí ó ti lé ní 2,000 ọdún, bí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kan tilẹ̀ ń jiyàn sí i. Oríṣi àgbagbà tó lé ní 100 ló wà ní ilẹ̀ wa yìí dé àárín Áfíríkà, kò sì sí ìgbéyàwó kankan tó bí ìyàtọ̀ wọn. Àyípadà wẹ́wẹ́ tó ń bọ́ sí ara èèhù kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni.

Níbi tí ìbùkún bá pọ̀ sí ni ewu ń sá pamọ́ sí. Bí gbogbo oko bá jẹ́ ọmọ ìyá kan, ẹgbẹ̀rún ilé ni wọ́n tí kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ń ṣí. Àwọn oníṣòwò Amẹ́ríkà kò gbọ́ èyí: ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan ṣoṣo, Gros Michel, ni wọ́n fi bo ilẹ̀ lọ bẹẹrẹ. Àrùn kan tí wọ́n ń pè ní àrùn Panama bá wọ inú ilẹ̀, ó gbá oko dànù, nígbà tí ó fi máa di àwọn ọdún 1960, ọjà àgbáyé ti kẹ̀yìn sí Gros Michel. Kí ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀? Ẹyọ kan ṣoṣo náà ni, Cavendish! Ẹ̀yà àrùn yìí tó ń pa Cavendish yọjú ní Mòsáńbíìkì ní 2013, ó dé Kòlóńbíà ní 2019. Kí n má sì tàn yín: a kò tíì rí kí ohun tó ń fa àrùn Panama náà fẹ́ra rí. Aláìlákọ pa aláìlákọ, ẹ̀rín kò sì sí níbẹ̀.

Ọ̀tá àgbagbà ní tirẹ̀ mọ iyì ìgbéyàwó. Àrùn Sigatoka dúdú ni orúkọ rẹ̀, ìbátan olú inú igbó ni. Wọ́n dá a mọ̀ ní Fíjì ní 1963. Ó dé Gàbọ̀n ní 1978, ó rékọjá sí Kamẹrúùn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ó sì dé Nàìjíríà ní 1986. Ó lè dá bímọ fúnra rẹ̀, ó sì lè fẹ́ra. Nígbà tó bá fẹ́ra, lẹ́búlẹ́bú ọmọ rẹ̀ a gun afẹ́fẹ́ lọ sí oko jíjìn, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àbùdá tirẹ̀. Bí oògùn bá pa ọ̀pọ̀, èyí tí oògùn kò ràn á wà láàyè, á sì bí irú ara rẹ̀. Àgbagbà dúró sójú kan, ọ̀tá rẹ̀ ń pààrọ̀ ìwà láti ìran dé ìran. Ewé ń dúdú, ewé ń gbẹ, ìdá kan nínú mẹ́ta ìkórè ń lọ, nígbà mìíràn ìlàjì.

Wọ́n ní ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò tó ohun tí à ń pọ́n àdá sí. Lọ́tẹ̀ yìí, ó tó! Àwọn onímọ̀ IITA, ilé ìwádìí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, gbéra ní oko wọn ní Onne lẹ́bàá Port Harcourt láti wá ọkọ fún ẹni tí kò lọ́kọ rí, kí ọmọ wọn lè kojú Sigatoka. Rony Swennen àti Dirk Vuylsteke wà lára wọn, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ni àwọn méjèèjì. Wọ́n gba lẹ́búlẹ́bú òdòdó akọ lára ọ̀gẹ̀dẹ̀ igbó kan tó ń jẹ́ Calcutta 4, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn pa á sára òdòdó abo àgbagbà ní òwúrọ̀ kùtù. Bobby Tannap, oríṣi àgbagbà kan láti ilẹ̀ Kamẹrúùn, wà lára àwọn ìyàwó náà. Ìdì lórí ìdì ni wọ́n ń fọ́ láti wá hóró. Èyí tí wọ́n bá rí, wọ́n á yọ ọlẹ̀ inú rẹ̀, wọ́n á tọ́ ọ nínú ìgò. Ẹni tí gbogbo ayé pè ní àgàn bí! Ní 1994 wọ́n fi ẹ̀bùn Ọba Baudouin ti Bẹ́ljíọ̀mù dá IITA lọ́lá nítorí iṣẹ́ yìí.

Ìlú Njombé kò jìnnà sí Douala. CARBAP, ilé ìwádìí tí wọ́n kọ́kọ́ dá sílẹ̀ ní 1989 lábẹ́ orúkọ CRBP, wà níbẹ̀, àwọn náà ń so òdòdó àgbagbà pọ̀ mọ́ akọ. Àmọ́ bí ọmọ tuntun bá ti yege tán, wọn kì í jẹ́ kó lọ́kọ mọ́. Wọn a bó ìdí rẹ̀, wọn a fi ọ̀bẹ pa ojú tó fẹ́ hù, wọn a bò ó mọ́ ìyẹ̀fun pákó tútù, kí ọ̀pọ̀lọpọ̀ èèhù lè yọ lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wọn rẹ́gí bí ìyá.