Okùn Ewúrẹ́

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 29, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2018. Ẹdẹ.

Aago 5:40 ìdájí. Iná ti lọ láti àná. Ọyẹ́ mú. Ògiri tó wà láàárín yàrá mi àti ti Tíṣà kò nípọn, mo ń gbọ́ ohùn obìnrin inú fóònù rẹ̀: wọ́n ti pa nọ́mbà náà. Ó tún un pè. Obìnrin náà tún un sọ. Ọjọ́ kẹrìnlélógún rèé tí ó ti ń gbọ́ ọ.

Aago 6:25. Ọ̀kadà kan gbé ewúrẹ́ wọ àgbàlá. Wọn yóò sọ ọmọ-ọmọ Alájì onílé wa lórúkọ lọ́la. Ọmọkùnrin tó gbé e wá já a sílẹ̀ lẹ́bàá igi máńgòrò. Okùn aláwọ̀ ewé ni wọ́n fi di ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń so ẹrù mọ́ ọkọ̀. Ewúrẹ́ náà kò ké. Ó kàn ń mí, èémí rẹ̀ sì ń fẹ́ eruku kúrò níwájú imú rẹ̀.

Aago 6:30. Tíṣà jáde pẹ̀lú korobá omi ìwẹ̀. Ó rí ewúrẹ́. Ó dúró. Omi ń dà sí i lẹ́sẹ̀, kò mọ̀.

"Jọ̀ọ́, tú u."

"Á sá lọ, Bùrọ̀dá Tíṣà."

"So ó lọ́rùn. Ẹsẹ̀ yẹn ni kó o tú."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Tíṣà gbé korobá sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ sínú eruku, ó ń fi èékánná tú kókó okùn náà. Nígbà tí èékánná kò ràn án, ó fi eyín sí i. Nígbà tó tú tán, ó fi ọwọ́ ra ibi tí okùn ti há ẹran náà, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, bí ẹni tó ń wá eegun tó kán. Kì í ṣe ẹni tí kì í jẹ ẹran o. Èmi àti òun ti jọ jẹ àsun rí ní Òkè Gada.

Aago 7:35. Ó ń lọ síléèwé. Ó kọ́kọ́ yẹ àpò rẹ̀ wò: ṣọ́ọ̀kì, ìwé ìṣirò, àti ìwé kékeré kan tó fi ọ̀rá wé lẹ́ẹ̀mejì. Ó ka èyí tó gbẹ̀yìn yìí bí ẹni pé orúkọ orí rẹ̀ lè ti yí padà lóru.

Aago 10:20. Ó pe obìnrin kan ní Àbújá. Ìdáhùn kò yí padà: kò sẹ́ni tó rí àwọn tí wọ́n kó. Ó wọ kíláàsì, ó kọ déètì sójú pátákó. Ọjọ́ 5, oṣù Kìn-ín-ní ló kọ. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún.

Aago 2:10 ọ̀sán. Epo bẹntiróòlù wọ́n lóṣù yẹn, owó ọ̀kadà sì ti lọ sókè, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn bọ̀ wálé. Ó gba iwájú ààfin Tìmì. Ọmọ Ẹdẹ wo ni kò mọ ìtàn náà? Ọba Ọ̀yọ́ rán Gbọ̀nkáà wá, Gbọ̀nkáà fi ọfọ̀ mú Tìmì sùn, ó dì í, ó gbé e lọ fún ẹni tó ń wá a. Tíṣà bi mí lẹ́ẹ̀kan pé àwọn ará ìlú tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ńkọ́, kí ni wọ́n sọ? N kò rí èsì fún un.

Aago 4:45. Ewúrẹ́ ń jẹ èèpo iṣu.

Aago 7:05 alẹ́. Iná kò tíì dé. Rédíò Tíṣà wà lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà. Ìròyìn ti Yaoundé wá: mínísítà Issa Tchiroma Bakary ní Nàìjíríà ti fa ènìyàn 47 lé Kamẹrúùnù lọ́wọ́. Ọwọ́ Tíṣà wà lára rédíò, kò yí i. Ìròyìn kan bọ́ọ̀lù. Nígbà náà ló yọ bátìrì, ọ̀kan, èkejì, ó tò wọ́n sórí àpótí.

Aago 9:30. Ó kan ilẹ̀kùn mi. Ó na bébà kan tó ká sí mẹ́rin sí mi. Ìwádìí Amnesty International ti oṣù Keje 2017 ni, lórí Kamẹrúùnù: ènìyàn 101 tí wọ́n fẹ̀sùn Boko Haram kàn, tí wọ́n tì mọ́lé, tí wọ́n sì dá lóró. Ọ̀nà ìdálóró 24 ni wọ́n kà. Ọ̀kan ń jẹ́ ewúrẹ́. Wọ́n á di ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ènìyàn pọ̀ sẹ́yìn, wọ́n á máa lù ú.

Ọjọ́ 5, oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2018 yìí kan náà ni àwọn agbófinró kó Sisiku Julius Ayuk Tabe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Nera Hotel, Àbújá. Àwọn tó ń jà fún òmìnira apá Kamẹrúùnù tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n. Àwọn kan nínú wọn ń kọ́ni ní àwọn yunifásítì Nàìjíríà. Ẹni tí Tíṣà ń pè lọ sí Àbújá lọ́sẹ̀ yẹn. Lọ́yà Femi Falana ní kí wọ́n jẹ́ kí òun rí wọn, wọn kò gbà. Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 26, wọ́n kó wọn sínú bàálù. Kò sí ilé ẹjọ́ tó pàṣẹ rẹ̀. Àjọ UNHCR sọ pé púpọ̀ nínú wọn ti bẹ Nàìjíríà fún ìsádi. Oṣù kan ṣáájú ni ààrẹ wa ìgbà náà fọwọ́ sí òfin tó ka ìdálóró léèwọ̀. Irú ìwé ìsádi tó wà nínú ọ̀rá Tíṣà kò gbà wọ́n.

Ọjọ́ 1, oṣù Kẹta, ọdún 2019, Adájọ́ Anwuli Chikere ti Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Àbújá dájọ́ pé kíkó wọn lọ lòdì sí òfin, kí ìjọba dá wọn padà.

Ọjọ́ 20, oṣù Kẹjọ, ọdún kan náà, ilé ẹjọ́ ológun ní Yaoundé rán Ayuk Tabe àti àwọn mẹ́sàn-án mìíràn lọ sẹ́wọ̀n gbére.