Hôtel de la Poste: Ilé ìtura etí odò tí omi gbé ga, tí omi sì tún ń dẹ́rù bà

Ní erékùsù Saint-Louis lórílẹ̀-èdè Senegal, ilé ìtura kan wà létí odò, níwájú afárá Faidherbe tí wọ́n ṣí lọ́dún 1897. Hôtel de la Poste ni orúkọ rẹ̀, torí pé ilé ìfìwéránṣẹ́ ló múlé tì í. Láti nǹkan bíi ọdún 1850 ló ti ń gba àlejò.

Àwọn Faransé tẹ Saint-Louis dó lọ́dún 1659. Láti 1895 sí 1902, ibẹ̀ ni olú ìlú àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Odò Senegal lọ̀nà tí oníṣòwò, ọmọ ogun àti òṣìṣẹ́ ìjọba ń gbà wọ àárín ilẹ̀, wọ́n sì nílò ibi tí wọn yóò sùn.

Ta ni àlejò tó gbajúmọ̀ jùlọ níbẹ̀?

Jean Mermoz ni, awabàálù tó ń gbé lẹ́tà fún ilé iṣẹ́ Aéropostale. Lóṣù Karùn-ún ọdún 1930, òun àti Jean Dabry pẹ̀lú Léopold Gimié gbéra láti Saint-Louis nínú bàálù tó ń balẹ̀ sórí omi. Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí 21, wọ́n dé Natal ní Brazil. Kó tó dìgbà náà, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé lẹ́tà sọdá òkun. Lọ́dún 1936, Mermoz pòórá sójú òkun kan náà.

Oúnjẹ tí kò gbàgbé alásè

Oúnjẹ tí àlejò ìlú náà kì í fẹ́ pàdánù ni ceebu jën, ìrẹsì àti ẹja tí àjọ UNESCO fi sára àṣà àjogúnbá àgbáyé lọ́dún 2021. Orúkọ Penda Mbaye, obìnrin alásè kan, ni wọ́n fi ń pe èyí tí wọ́n fi tòmátì sè.

Kí ló ń dẹ́rù bà wọ́n?

Lọ́dún 2003, ìjọba gbẹ́ ojú omi tí kò fẹ̀ ju mítà mẹ́rin lọ, kí àgbàrá má baà gbé ìlú lọ. Òkun sọ ọ́ di ẹnu ọ̀nà tó ju kìlómítà kan lọ, ó sì pa abúlé Doun Baba Dièye rẹ́. Bí etíkun ṣe ń jẹ lọ, ọ̀rọ̀ náà kan gbogbo ilé àtijọ́ Saint-Louis, títí kan ilé ìtura tí omi fi àlejò kẹ́.