Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù: Orúkọ Ìlú, Odò Ọ̀tìn àti Ogun Jálumi

Ìfáàrà

Ìlú èbúté kan wà ní etí òkun Mẹditaréníà, ní orílẹ̀-èdè Líbíà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Tripoli. Láti inú èdè Gíríìkì ni orúkọ náà ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni "ìlú mẹ́ta", nítorí ìlú mẹ́ta tó wà ní agbègbè náà láyé àtijọ́: Oea, Sabratha àti Leptis. Bí a ṣe gbọ́ èyí ni ọkàn wa lọ sí ìlú mẹ́ta tó tò tẹ̀ léra lójú ọ̀nà tiwa: Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù. Kò sí òkun lọ́dọ̀ wa, odò Ọ̀tìn ni a ní. Ṣùgbọ́n ìtàn tí odò yẹn gbé mì kò kéré.

Ibi tí àwọn ìlú náà wà

Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni àwọn ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà. Ẹni tó bá kúrò ní Òṣogbo tó kọjú sí àríwá yóò kọ́kọ́ dé Ìkìrun, kó tó dé Ìnísà àti Òkukù, kó tó wá máa lọ sí Ọ̀fà àti Ìlọrin. Ìkìrun ni olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn. Òkukù ni olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn, níbi tí Ìnísà náà wà. Odò yìí ló fún ìjọba ìbílẹ̀ náà lórúkọ.

Ìtàn sọ pé obìnrin ni Ọ̀tìn. Ìlú Ọ̀tan ló ti wá sí Ìnísà láti bá wọn bá ọ̀tá jà, kó tó di odò. Títí di òní ni wọ́n ń ṣe ọdún Ọ̀tìn ní Òkukù. Orí odò yìí kan náà ni wọ́n kọ́ ìdídò Èkó-Ẹndẹ sí.

Orúkọ Ìkìrun

Àwọn àgbà so orúkọ Ìkìrun mọ́ Akínọ̀run tó tẹ ìlú náà dó. Orúkọ rẹ̀ náà ni ilé-ìwé girama kan ń jẹ́ níbẹ̀. Akìrun sì ni oyè ọba wọn. Àwa tí a ń kọ́ nípa ìró èdè lè gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò. Bí Akínọ̀run bá di Akìrun, a jẹ́ pé sílébù "nọ̀" ti pa jẹ, ṣùgbọ́n ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ dúró, ó sì gba ipò ohùn òkè tó wà lórí "kí". Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì nínú èdè Yorùbá.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo oyè àwọn ọba mìíràn. Aṣẹ́yìn ni ọba Ìṣẹ́yìn, Ajerò ni ọba Ìjerò, Aràgbìjí ni ọba Ìràgbìjí tí kò jìnnà sí wa. Ìlú bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ì", oyè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "a". Akìrun àti Ìkìrun bá ìlànà yìí mu rẹ́gí. Nítorí náà, èrò tiwa ni pé orúkọ ènìyàn lè ṣáájú, kó di oyè, kí ìlú sì wá gba orúkọ tirẹ̀ láti ara oyè náà. Ìtàn àwọn àgbà àti gírámà kò ta ko ara wọn níbí.

Ogun Jálumi

Ní nǹkan bí ọdún 1840, Ìbàdàn ṣẹ́gun Ìlọrin ní Òṣogbo. Láti ìgbà náà ni agbègbè Ọ̀ṣun ti bọ́ sábẹ́ Ìbàdàn, Ìkìrun sì dà bí ilẹ̀kùn wọn lọ́nà àríwá. Ẹni tó bá fẹ́ lé Ìbàdàn padà, Ìkìrun ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kàn.

Ní ọdún 1878, àwọn ọmọ ogun Ìlọrin, Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì àti Ìlá para pọ̀, wọ́n sì ká Ìkìrun mọ́. Balógun Àjàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n ló kó ogun Ìbàdàn wá gbèjà ìlú náà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún náà, Ìbàdàn borí. Àwọn tó ń sá lọ dé etí Ọ̀tìn, odò sì ti kún. Ọ̀tá wà lẹ́yìn, omi wà níwájú. Ọ̀pọ̀ wọn já lu omi, wọ́n sì bómi lọ. Ibẹ̀ ni ogun náà ti gba orúkọ rẹ̀: já-lu-omi, Jálumi.

Ogun kò parí síbẹ̀. Ogun Kírìjì ń jà lọ́wọ́. Wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn àlàáfíà ní 1886, síbẹ̀ Ìbàdàn àti Ìlọrin ṣì ń wo ara wọn níran. Ọdún 1893, nígbà tí Gómìnà Carter wá láti Èkó, ni àgọ́ ogun tó wà ní Ìkìrun tó tú ká.

Ní gbogbo àkókò yìí, àwọn ará Òkukù ti fi ilé sílẹ̀, Ìkìrun ni wọ́n sá wá. Ìgbà tí ogun rọlẹ̀ ni wọ́n tó padà lọ tún ìlú wọn kọ́. Ọmọ tí wọ́n bí sí Ìkìrun ní ọdún tí Jálumi jà yóò ti tó ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó mọ ibi tí ilé bàbá rẹ̀ wà.

Rélùwéè dé

Rélùwéè dé Òṣogbo ní 1907, ó dé Ìlọrin ní 1908, ó sì gba Ìkìrun àti Òkukù kọjá. Ọ̀nà tí ogun ń gbà tẹ́lẹ̀ di ọ̀nà tí obì àti kòkó ń gbà lọ sí Èkó. A lè sọ pé rélùwéè ni èbúté tiwa.

Ìkádìí

Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní ọgbà ní Òkukù. Àwọn ọmọ Ìbàdàn, Ìlọrin, Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì jọ ń jókòó nínú kíláàsì kan náà níbẹ̀, wọ́n jọ ń wọ mọ́tò kan náà kọjá. Ó rọrùn láti fi Jálumi ṣe yẹ̀yẹ́ láàárín ara wa, pé baba ta ló ṣẹ́gun baba ta. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹni kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn tó kú sínú odò yẹn, àwọn tó ṣẹ́gun pàápàá sì tún jagun fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí i.

Láàárín ọdún 1970 sí 1979, Karin Barber wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó gbé Òkukù fún ọdún mẹ́ta, ó ń gba oríkì sílẹ̀ lẹ́nu àwọn obìnrin. Ìwé tó kọ nípa rẹ̀ jáde ní 1991. Bí àlejò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí ni ó ń dá àwa ọmọ onílé dúró? Fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo wa. Bí ẹ bá délé nínú ìsinmi yìí, ẹ béèrè lọ́wọ́ ìyá àgbà ohun tó mú kí ìlú yín máa jẹ́ orúkọ tó ń jẹ́, kí ẹ sì gba ohùn wọn sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó di ọdún tó ń bọ̀.