Yíyá àti Wíwín: Àgbéyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Méjì àti Orúkọ Àbújá

Nínú ẹ̀kọ́ ìmọ̀ èdè, 'ọ̀rọ̀ àyálò' ni a ń pe ọ̀rọ̀ tí èdè kan mú láti inú èdè mìíràn. Orúkọ yìí ti mọ́ wa lára tó bẹ́ẹ̀ tí a kì í fi í bi ara wa léèrè mọ́ pé irú yíyá wo ni à ń sọ. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ ṣe ni láti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò ní ìlànà Yorùbá fúnra rẹ̀, kí a sì fi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí orúkọ olú-ìlú wa dán an wò. Nítorí pé Àbújá tí à ń gbé yìí, orúkọ tí a mú lọ́wọ́ ìlú mìíràn ni ó ń jẹ́.

Lẹ́nu àwọn àgbà, yá kì í ṣe wín. Ohun tí a bá yá, òun gan-an ni a óò dá padà: ẹṣin, aṣọ, àdá, odó. Ohun tí a bá wín, a óò lò ó tán ni. Irú rẹ̀ tàbí iye rẹ̀ ni a óò san. Bí aládùúgbò bá wín iyọ̀, kò sí ẹni tí yóò retí pé kí ó kó hóró iyọ̀ kan náà padà wá. Àwọn amòfin Róòmù àtijọ́ mọ ìyàtọ̀ yìí. Commodatum ni wọ́n pe ti àkọ́kọ́, mutuum sì ni èkejì. Àwọn Haúsá náà mọ̀ ọ́n: aro ni ti ẹṣin, rance ni ti owó àti ọkà. Nínú ètò ìwọ̀fà, tí Samuel Johnson ṣàlàyé nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí ó jáde ní 1921, méjèèjì pàdé: owó tí a gbà ti di níná, iye rẹ̀ ni a óò san, ṣùgbọ́n ìwọ̀fà fúnra rẹ̀, òun gan-an ni ó gbọ́dọ̀ padà sílé.

Lóde òní, yá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba iṣẹ́ wín ṣe tán lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́. (Àwìn tí à ń rà lọ́jà fẹ́ jọ wín, ṣùgbọ́n ohùn wọn kò dọ́gba, a kò ní í fi ìyẹn ṣe ẹ̀rí.) Ohun kan ṣì kù tí ó yẹ kí a kíyè sí. Yá lè jẹ́ ti ẹni tí ó ń fúnni, ó sì lè jẹ́ ti ẹni tí ó ń gbà: 'Mo yá Àìná ní aṣọ', 'Mo yá aṣọ lọ́wọ́ Àìná'. Ọ̀rọ̀ náà 'lọ́wọ́' ni ó ń fi ibi tí olóhun wà hàn. Kò sí yíyá tí kò ní olóhun.

Wàyí o, èwo nínú méjèèjì ni ti ọ̀rọ̀ àyálò? A mú àlùbọ́sà, tálákà àti fìtílà láti inú èdè Haúsá. Haúsá náà sì ti mú albasa láti inú èdè Lárúbáwá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. A kò tọrọ àyè, a kò dá a padà, a kò sì san irú rẹ̀. Haúsá náà mú agogo lọ́dọ̀ wa, wọ́n fi ń pe aago tí ń sọ wákàtí. Agogo tiwa kò tìtorí bẹ́ẹ̀ dákẹ́. Ní 1950, onímọ̀ èdè nì, Einar Haugen, ti sọ ọ́ gbangba pé àfiwé yìí kò bójú mu, nítorí pé olóhun kò pàdánù ohunkóhun, kò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n mú un. Síbẹ̀ kò rí ọ̀rọ̀ tí ó sàn jù ú lọ. Ní tiwa, ó dà bí ẹni tí ó lọ mú iná ní ààrò aládùúgbò: iná onílé kò dín kù. Kì í ṣe yíyá, kì í sì í ṣe wíwín.

Ṣùgbọ́n ti orúkọ Àbújá yàtọ̀. Lẹ́yìn tí ogun jìhádì tí Usman dan Fodio bẹ̀rẹ̀ ní 1804 ti gba Zaria, àwọn ọba Haúsá ibẹ̀ sá lọ sí ìhà gúúsù. Ní 1828, ọ̀kan nínú wọn tí à ń pè ní Abu Ja, èyí ni Abu pupa, tẹ ìlú kan dó, orúkọ rẹ̀ sì di ti ìlú. Wọ́n gbé oyè Sarkin Zazzau dání nígbà tí wọ́n ń sá lọ. Títí di òní, ọba wọn ń jẹ́ ẹ, bẹ́ẹ̀ ni ọba mìíràn wà ní Zaria tí ó ń jọba lórí Zazzau. Iná ààrò nìyẹn.

Ní ọjọ́ 3, oṣù Fẹ́búárì, 1976, lẹ́yìn ìjábọ̀ ìgbìmọ̀ Adájọ́ Akínọlá Àgúdà, ìjọba ológun fi Òfin Kẹfà dá Agbègbè Olú-Ìlú sílẹ̀ lórí ilẹ̀ tí àwọn Gbagyi àti àwọn mìíràn ti ń gbé tipẹ́. Orúkọ Àbújá ni wọ́n fún olú-ìlú tuntun náà. Ìlú tí ó ni orúkọ kò jẹ́ ẹ mọ́: ó di Suleja, láti ara orúkọ Suleimanu Barau tí ó jọba níbẹ̀ láti 1944 títí di 1979. Sílébù tí ó kẹ́yìn Àbújá ni a tún ń gbọ́ ní òpin orúkọ tuntun náà. Níhìn-ín, olóhun pàdánù. A kò dá orúkọ padà, a kò sì lè san irú rẹ̀, nítorí pé orúkọ kò ní irú. Bí a bá fẹ́ sọ ọ́ bí ó ti rí, gbígbà ni Yorùbá yóò pè é.

Ìnira rẹ̀ kò mọ sí Suleja nìkan. Ó kan àwa tí à ń ka ìwé àtijọ́ pẹ̀lú. A Chronicle of Abuja, tí Ibadan University Press tẹ̀ jáde ní 1952, kò sọ̀rọ̀ nípa olú-ìlú wa. Suleja ni ìtàn inú rẹ̀. Bákan náà ni 'ìkòkò Àbújá' tí ó wà nínú àwọn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé lókè òkun: Suleja òde òní ni Michael Cardew, amọ̀kòkò ará Ìlú Ọba, ti dá ibùdó ìkọ́ni ní ìkòkò mímọ sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1950 sí 1959. Ibẹ̀ ni Ladi Kwali, tí àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn owó ogún náírà, wọ̀ ní 1954. Kwali tí wọ́n bí i sí sì wà nínú Agbègbè Olú-Ìlú báyìí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ ọ́ pé Àbújá ni wọ́n bí i sí, kò ṣì í. Bí ó bá kọ ọ́ pé Àbújá ni ó ti ṣiṣẹ́, kò ṣì í. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ rò pé ibì kan náà ni.