Ìtàn Ehoro Kì Í Ṣe Ti Ọmọdé Nìkan

Nínú ọkọ̀ ni Richard Adams, òṣìṣẹ́ ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ́kọ́ pa ìtàn Watership Down fún àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì. Àwọn ni ó rọ̀ ọ́ pé kí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn olùtẹ̀wé mélòó kan kọ̀ láti tẹ̀ ẹ́: wọ́n ní ó le jù fún ọmọ kékeré, ọmọ ńlá kò sì ní fẹ́ ìtàn ehoro. (Mo ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi nípa Ìjàpá.) Rex Collings ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó tẹ̀ ẹ́ ní 1972, ọdún kan náà tí ó tẹ The Man Died ti Wọlé Ṣóyínká.

Kí ni ó wá fa tọmọdé tàgbà mọ́ ọn? Ìjàpá tiwa fẹ́ Yánníbo, ó sì ń jẹ gbèsè bí ènìyàn. Ehoro Adams kò ní ju eré ẹsẹ̀ àti ọgbọ́n lọ. Síbẹ̀ wọ́n ń pa ìtàn ọlọ́gbọ́n-ẹ̀wẹ́ tiwọn, El-ahrairah, fún ara wọn. Fiver, ehoro kékeré, rí àjálù ṣáájú. Olórí wọn kò gbọ́. Hazel kó ìwọ̀nba díẹ̀ jáde lóru. Lẹ́yìn wọn ni àwọn tí ó fẹ́ kọ́lé dé, tí wọ́n dí ihò, tí wọ́n sì fi afẹ́fẹ́ olóró pa àwọn tí ó kù.