Bí Òkìkí Ṣe Kúrò Lójúde Wọ Ìyẹ̀wù

Ẹni tí òkìkí rẹ̀ bá kàn, ìlúmọ̀ọ́ká là ń pè é. Ní ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á ní orúkọ rẹ̀ ti di ọ̀rọ̀ inú ilé. Irú èdè bẹ́ẹ̀ ti wà lẹ́nu ọba nínú eré tí Shakespeare kọ nípa Henry Karùn-ún ní nǹkan bí ọdún 1599. Ní 1850, Charles Dickens fi í sọ ìwé ìròyìn rẹ̀ lórúkọ. Ìlú la fi ń wọn òkìkí, ilé ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Àmọ́ tiwa náà ti wọlé báyìí, ó ń bá wa dé orí ẹní nínú fóònù.

Kí ìwé tó dé, ọwọ́ onílù lòkìkí wà. Bí gbajúmọ̀ bá yọ lóde, onígángan á fi ìlù pe baba rẹ̀, á pe baba baba rẹ̀, kó tó wá kan òun alára. Ibi tí ohùn ìlù bá mọ, ibẹ̀ lòkìkí ń mọ.

Ní 1859, míṣọ́nnárì Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn l'Ábẹ́òkúta, 120 owó ẹyọ ni ẹ̀dà kan. Orúkọ wá ń dé ibi tí ìlù kò dé, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ̀wé kà nìkan ló ń yà sí.

Ní 1935, wọ́n fa wáyà wọ àwọn ilé kan l'Ékòó, wọ́n gbé àpótí Rẹdifúṣọ̀n síbẹ̀. Ìran wa pe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní asọ̀rọ̀mágbèsì: ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ti wọlé, onílé kò sì lè bi í pé ọmọ ta ni.

Síbẹ̀, ẹsẹ̀ òṣèré kò tíì sinmi. Hubert Ògúndé, ọlọ́pàá ọmọ Ọ̀sọ̀sà, ṣe eré rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Glover Hall l'Ékòó ní 1944. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, ó sì ń gbé eré láti ìlú dé ìlú.

Tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn ní October 1959. Ibẹ̀ ni aláwàdà Moses Ọláìyá ti gbé awò ńlá sójú, tó so táì rẹ̀pẹ̀tẹ̀ mọ́rùn, tó di Bàbá Sàlá. Pe Moses Ọláìyá, ọ̀pọ̀ á kọ́kọ́ ronú. Pe Bàbá Sàlá, ẹ̀rín ti sọ. Ìlù a máa pe baba ẹni kó tó pe ẹni. Tẹlifíṣọ̀n kò bèèrè baba rẹ̀; òun gan-an ló sọ ọ́ di bàbá.