Akoto Àjọdé

Òyìnbó kan wà lára ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀. Kápútéènì Ambrose ni, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní ilẹ̀ Èkìtì. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, ọ̀gá láàárín àwọn agbẹ́gilére, gbẹ́ ẹ bí àwọn ọkùnrin méjì ṣe gbé e rù wá kí ọba. Nǹkan bí 1910 sí 1914 ni wọ́n fojú bu iṣẹ́ náà sí. Bí ẹni ńlá ṣe ń la òkè Èkìtì kọjá nìyẹn kí ọ̀nà ọkọ̀ tó dé: ọmọ ènìyàn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń gbé e. Ọba fúnra rẹ̀ jókòó ní apá kejì ilẹ̀kùn, adé gogoro lórí. Ilẹ̀kùn ọ̀hún kò sí ní Ìkẹ́rẹ́ mọ́. Ní 1924 ni wọ́n gbé e lọ sí ìpàtẹ ńlá kan ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì wọ àwọn British Museum lójú. Ògògà kò gbowó. Àga ọba tí wọ́n kàn ní ìlú òyìnbó ló gbà dípò rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ láti Ìkẹ́rẹ́ sí Ìsẹ̀ ìlú Ọlọ́wẹ̀ lónìí, kó sì fi í dé Èmùré, ẹ̀yìn ọ̀kadà ni ó ṣeé ṣe jù kó jókòó sí. Bó bá sì jẹ́ pé ìran ló ń wò, tí nǹkan kan kò lé e, ìrìn náà tó ìrìn. Olósùnta ni yóò kọ́kọ́ dúró sí i lójú: òkúta ràgàjì kan, pípá bí orí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fárí, tó ga ju gbogbo òrùlé ìlú lọ. Òròlé, òkúta ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, náà wà nítòsí. Ará Ìkẹ́rẹ́ kì í ka Olósùnta sí òkúta lásán. Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣọdún rẹ̀. Kété tí ilé bá tán, oko á bẹ̀rẹ̀: kòkó tí abẹ́ rẹ̀ ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọ̀pẹ, ẹ̀gẹ́ lórí ebè. Lápá Ìsẹ̀ ni odò Ògbèsè wà, àti igbó ọba tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti rí i pé ìnàkí ṣì ń gbé inú rẹ̀, ohun tó ti ṣọ̀wọ́n gan-an ní ilẹ̀ Yorùbá. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ á ti fèrèsé rẹ̀ kọjá. Ẹni orí alùpùpù ni afẹ́fẹ́ máa ń sọ fún: ibi tí wọ́n ti ń dáná sungbó, ibi tí kòkó ń jẹrà nínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ibi tí òjò ti rọ̀ ṣáájú.

Alùpùpù kò bẹ̀rẹ̀ bí ọkọ̀ mẹ̀kúnnù. Ariwo ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ló fún un lórúkọ yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé maṣíìnì ni àwọn àgbà ṣì ń pè é. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní 1955, ilé-ìwé rú jáde ní abúlé tí bọ́ọ̀lẹ̀kájà kì í dé. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa yẹ̀ wọ́n wò. Tíṣà àgbà, wolé-wolé, katikíìsì tó ní ìjọ mẹ́rin lọ́wọ́, àti àwọn tó ń yẹ kòkó wò fún ìjọba, ìwọ̀nyí ni maṣíìnì kọ́kọ́ yẹ. BSA àti Triumph láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni orúkọ tó dún nígbà náà. Lẹ́yìn wọn ni Honda kékeré ti Japan dé, irú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní 1958, tí kò wúwo, tí kì í jẹ epo púpọ̀, tí obìnrin tó wọ ìró náà lè gùn. Nígbà tó máa fi di 2017, iye tí wọ́n ti ṣe nínú irú rẹ̀ ti kọjá ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù.

Owó Udoji ló wá da gbogbo rẹ̀ sígboro. Ní ìparí 1974, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí àfikún owó oṣù tí ìgbìmọ̀ Jerome Udoji dámọ̀ràn, wọ́n sì san ti ẹ̀yìn mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ tíṣà ló torí owó yẹn sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ ológeere. Ẹni tó ra maṣíìnì nígbà náà kì í fi í sílẹ̀ síta mọ́jú. Pálọ̀ ló ń gbé e wọ̀. Bó bá ra akoto mọ́ ọn, orí ara rẹ̀ nìkan ni akoto mọ̀. Ìyàwó rẹ̀ tó ń gbé sẹ́yìn lọ sí ìpàdé ìjọ kò ní jẹ́ fi akoto ba gèlè jẹ́, kò sì sí ẹni tó bi í.

Ó yẹ ká rántí ìgbà yẹn dáadáa, torí ohun tó tẹ̀ lé e dojú rẹ̀ délẹ̀ pátápátá.

Calabar wà lára àwọn ìlú tí alùpùpù ti kọ́kọ́ ń gbé èrò gbowó, láàárín ọdún 1970 sí 1979. Nígbà tí ìjọba Ibrahim Babangida gbé ètò ọrọ̀-ajé SAP kalẹ̀ ní 1986, náírà já bọ́, mọ́tò tuntun di ohun àwòsunkún, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn. Ẹni tó ní maṣíìnì kan ṣoṣo wá rí i pé oúnjẹ ń bẹ lórí rẹ̀. Orúkọ tí aráàlú fún iṣẹ́ tuntun yìí wá láti ojú sánmà. Gabriel Igbinedion, Ẹsama ti Benin, ti dá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú sílẹ̀ ní 1983, ó sì fi orúkọ ìlú rẹ̀, Okada, sọ ọ́. Ẹni tó kọ́kọ́ wo alùpùpù tó ń yọ́ gba àárín mọ́tò kọjá, tó pè é ní ọ̀kadà, aláwàdà ni: bàlúù tálákà. Bàlúù Okada kò fò mọ́ láti 1997. Ọ̀kadà ilẹ̀ ṣì ń fò.

Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ló jẹ́ kí ọ̀kadà wúlò ní Èkó. Kò sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kan ní Èmùré. Ọ̀nà oko ni tibẹ̀. Mọ́tò tó bá wọ ọ̀nà Èpòrò níbẹ̀ lẹ́yìn òjò méjì, ó lè sùn síbẹ̀; ọ̀kadà á gba etí rẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní October 1, 1996, Jincheng láti ilẹ̀ Ṣáínà àti Bajaj láti Íńdíà gba gbogbo oríta. Àpò kòkó, ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọmọ ilé-ìwé mẹ́ta àti ìyá wọn, ẹ̀yìn kan náà ni gbogbo wọn ń jókòó sí.

Láti ìlú òyìnbó ni ọ̀rọ̀ akoto ti gbéra. Ní May 1935, T. E. Lawrence, jagunjagun tí gbogbo ayé mọ̀ sí Lawrence ti ilẹ̀ Arébíà, ń gun alùpùpù Brough Superior rẹ̀ lọ lọ́nà ìgbèríko kan ní Dorset. Ó yà fún ọmọkùnrin méjì tó wà lórí kẹ̀kẹ́, ó ṣubú, ó sì fi orí sọlẹ̀. Ọjọ́ kẹfà ló kú. Hugh Cairns, dókítà ọpọlọ, wà lára àwọn tó tọ́jú rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò sì kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ọmọ ogun alùpùpù tó ń kú, ó gbé ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1941, àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì sì pàṣẹ akoto fún àwọn tó ń gun alùpùpù níbi iṣẹ́. Ó di 1973 kí òfin náà tó kan gbogbo ará Britain. Ní 1976 ni wọ́n yọ àwọn ẹlẹ́sìn Sikh tó ń wé láwàní kúrò nínú rẹ̀. Òyìnbó náà gbà, ìyẹn ni pé, orí ju egungun lọ.

Ní Nàìjíríà, Wọlé Ṣóyínká ló ṣe alága àkọ́kọ́ fún àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní February 1988. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti ní irú rẹ̀ láti 1977. Ọ̀rọ̀ akoto kò gbóná títí di January 1, 2009. Ọjọ́ yẹn ni FRSC ní kí gbogbo ọlọ́kadà àti èrò ẹ̀yìn rẹ̀ máa dé e, kíákíá. Owó rẹ̀ ga ju agbára ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà lọ. Nítorí náà ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ ṣe di ẹ̀rín fún gbogbo ayé: àwọn kan dé ìkòkò, àwọn kan dé ike ọ̀dà, àwọn kan dá ihò méjì sí igbá, wọ́n fi okùn so ó mọ́ àgbọ̀n. Àwọn oníròyìn òkè òkun rẹ́rìn-ín. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá mọ ohun tí wọn ò mọ̀, pé akoto fúnra rẹ̀, orúkọ igbá jíjìn kan ni kó tó di orúkọ ohun tí ṣọ́jà ń dé. Ọlọ́kadà tó dé igbá kàn dá ọ̀rọ̀ padà sílé ni.

Àmọ́ ẹ̀rín kọ́ ni ti èrò. Wọ́n kọ̀. Àwọn obìnrin sọ ti irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dì, àwọn mìíràn sọ ti òógùn àti iná orí ẹlòmíràn, àwọn kan sì sọ ọ́ gbangba pé ọlọ́kadà lè fi oògùn sínú akoto kó fi gba ìràwọ̀ ẹni tàbí kó fi sọ ènìyàn dàwátì. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba pe èyí ní ìmọ̀ òpè. Ó rọrùn láti sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti dúró síwájú ère Ọlọ́wẹ̀ á rí i pé orí ẹ̀dá tó gbẹ́ máa ń tóbi ju ìwọ̀n ara lọ, bí ti ọ̀pọ̀ agbẹ́gilére Yorùbá, torí orí ni ilé àyànmọ́. Owó ẹyọ ni àwọn bàbá wa fi ń kọ́lé fún orí inú. Ọba kì í wo inú adé ara rẹ̀. Ilẹ̀ yìí kan náà ni wọ́n wá gbé ohun kan dé tí ogójì orí ń wọ̀ tí ń bọ́ láàárọ̀ kan ṣoṣo, tí wọ́n ní kí gbogbo ayé máa jọ dé e. Kì í ṣe akoto ni wọ́n kọ̀. Àjọdé rẹ̀ ni wọ́n kọ̀. Tíṣà ìgbà Udoji kò ní ìṣòro yìí rárá.

Èyí kò sọ pé orí wọn kò wà nínú ewu. Àkójọ ìwádìí tí ẹgbẹ́ Cochrane gbé jáde ní 2008 fi hàn pé akoto ń dín ikú alùpùpù kù ní ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ń dín ìpalára orí kù ní ìdá 69. Olósùnta kì í ṣe tìmùtìmù. Síbẹ̀, ẹni tó bá dúró lẹ́bàá ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Adó á rí akoto tó pọ̀, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀ṣọ́ wà. Bó bá yà sọ́nà Ìsẹ̀, akoto á bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lórí bọ́ sórí táǹkì, kó tún bọ́ sí ìgbọ̀nwọ́. Ní ọ̀nà oko, kò sí rárá. Ibi tí ìran ti dùn jù ni orí ti ṣófo jù.

Ìran ọ̀hún gan-an ti ní ẹ̀rù tirẹ̀. Ní January 29, 2024, àwọn ajínigbé dá bọ́ọ̀sì ilé-ìwé kan dúró ní apá Èpòrò, wọ́n kó àwọn ọmọ, àwọn tíṣà àti awakọ̀ wọgbó. Ọjọ́ bíi mélòó kan lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ àti tíṣà wọn padà wálé. Awakọ̀ kò bá wọn dé. Láti ìgbà náà, ọlọ́kadà tó bá ń lọ sí apá yẹn nírọ̀lẹ́ kì í fara balẹ̀ wo kòkó. Ẹ̀rù akoto kọ́ ló ń bà á. Ó ń tẹ́tí, akoto sì máa ń di etí. Àwọn kan ń sọ ìyẹn gẹ́gẹ́ bí ìdí tí wọn ò fi dé e.

Ní Èkó, àwọn ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ń fi fóònù pe ọ̀kadà wá ọgbọ́n kan dá sí ọ̀rọ̀ àjọdé. Gokada, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2018, máa ń fún èrò ní àwọ̀n irun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí yóò kọ́kọ́ dé sábẹ́ akoto, tí yóò sì jù nù bó bá sọ̀ kalẹ̀. Ní February 1, 2020, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó lé ọ̀kadà kúrò ní apá tó pọ̀ nínú ìlú, ti àwọ̀n irun sì parí pẹ̀lú rẹ̀. Kò sí ẹni tó gbé e dé Èmùré. Níbẹ̀, ìyá tó bá kó ẹ̀gẹ́ lọ sọ́jà Ìkẹ́rẹ́ tó sì rí ẹ̀ṣọ́ lókèèrè á tú ìborùn rẹ̀, á fi wé orí lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà ni yóò tó na ọwọ́ gba akoto.